Ohùn Ọkùnrin Nínú Yàrá Afusat

"Afọ́jú tó bá gbé fóònù mi tí kò lè fi pe ìyá rẹ̀, kó wá gbá mi létí!"

Bí Tesleem ṣe fọ́nnu nìyẹn, ní gbọ̀ngàn kan ní Auckland Park lọ́dún 2014, níwájú àwọn afọ́jú tí wọ́n wá dán iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò. Ẹnjiníà ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ó gbé àyà síwájú bí ẹni tí wọ́n ti fún ní àmì ẹ̀yẹ.

Ọmọbìnrin kan nínú wọn, tó wọ híjáàbù aláwọ̀ ọsàn, ló kọ́kọ́ nawọ́ gbà á. Ẹ̀rín kan wà létí ẹnu rẹ̀, bí ẹni tó mọ ohun tó ń bọ̀. Ìka rẹ̀ rìn lójú gíláàsì fóònù náà, ó lọ, ó bọ̀, ó ṣìnà. Nígbà tí fóònù máa pàpà pe ènìyàn, ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ló gbé e, tó ń fi èdè Zulu bú wọn pé wọ́n jí òun lójú oorun.

"Etí yín dà, ẹ̀gbọ́n?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Tesleem tẹ orí ba, ó dijú, ó ń retí ìgbátí. Ìka méjì tó tutù ló rọra di etí náà mú. Ọkàn rẹ̀ jábọ́ sínú bàtà.

"Mo dijú dán an wò o, mo búra."

"Ẹ dijú lóòótọ́. Ẹ ò di ìrántí. Ẹ̀yin lẹ ṣe é, ẹ ti mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà."

Afusat lorúkọ rẹ̀, agbẹjọ́rò ní Sandton, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tó ń ta aṣọ ní Hillbrow. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ló ń wá síbi iṣẹ́ Tesleem láti wá bá a wá àléébù. Tesleem lẹ kókó wẹ́wẹ́ mọ́ ojú gíláàsì, kí ìka lè mọ ọ̀nà. Afusat ṣí ọ̀kan kúrò. "Èyí ń gún mi."

Ohùn ẹ̀rọ òkèèrè tó ń ka ojú fóònù jáde ní Yorùbá ńkọ́? Bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ni Tesleem bá wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, láàárín aṣọ òtútù kí ariwo má bàa wọlé, ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀. Tí wọ́n bá ti tan fóònù, á ní: "Mo ti jí o. Ẹ kú ojúmọ́."

"Ohùn rẹ dùn," Afusat wí lọ́jọ́ tó fẹ́ gbé fóònù náà lọ sílé. "Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó gùn ọ́ lórí."

"Ó ti gùn mí. Ó ti dé àtàrí."

Tesleem fẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó la ẹnu, ó ní, "Bátìrì yìí kì í pẹ́ tán o."

Láàárọ̀ ọjọ́ Sunday, obìnrin kan pè é. "Ìwọ ni Tesleem? Èmi ìyá Afusat. Máa bọ̀ ní Hillbrow lọ́sàn-án yìí."

Oníbàárà dé! Tesleem lọ agbádá, ó kó fóònù mẹ́ta sínú báàgì, inú rẹ̀ dùn débi pé ó kọjá lójú robot, iná oríta, tó pọ́n.

Nínú pálọ̀, ìyá gbé ọmọrogùn lé itan. Alhaji Rùfáì, àbúrò ìyá, jókòó. Àlùfáà mọ́sálááṣí wọn jókòó. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, àfi Afusat tó ń gé ètè jẹ ní kọ̀rọ̀ kí ẹ̀rín má bàa bọ́.

"Kí lo wá ṣe ní yàrá ọmọ wa láàárọ̀ yìí?" Alhaji Rùfáì béèrè.

"Èmi kẹ̀? Auckland Park ni mo sùn o!"

"Irọ́!" Ìyá fò dìde. "Mo gbọ́ ẹ! O ní o ti jí! Mo wá ẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wá ẹ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ yìí sọ pé fóònù ni. Mo ní kí fóònù náà tún un sọ, ọmọ ní bátìrì ti tán. Fóònù wo ló ń fọhùn bí ará Ìsẹ́yìn?"

Tesleem tan ọ̀kan nínú fóònù tó kó wá.

"Mo ti jí o. Ẹ kú ojúmọ́."

Ọmọrogùn já bọ́. "Subuhánallọ́ì!" ni Àlùfáà wí.

"Alihamudulilai," Alhaji Rùfáì dìde. "Kò sí ọkùnrin kankan. Ọ̀rọ̀ tán." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà wọn.

Ó yẹ kí inú Tesleem dùn. Kò dùn rárá. Bí kò bá sí ọkùnrin kankan, òun wá jẹ́ kí ni?

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó! Ọkùnrin wà!"

Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó mú ọmọrogùn.

"Èmi ni! Mi ò wọ yàrá o! Mo fẹ́ fẹ́ ẹ ni, láti ọjọ́ tó ti di mí létí mú."

"Ó di ọ́ létí mú bíi ti báwo?" Àlùfáà béèrè.

Ojú ìyá rọ̀, ohùn rẹ̀ náà rọ̀. "Ọmọ mi ò ríran. Tó bá sú ọ lọ́la ńkọ́?"

"Mà, òun ló yẹ kẹ́ ẹ bi. Gbogbo Sátidé ló ń rí àléébù mi."

Afusat dìde, ó fọwọ́ wá ọwọ́ Tesleem títí ó fi rí i. "Kò tíì sú mi, Mọ́mì. Mo gbà. Ṣùgbọ́n, Tesleem, yọ ohùn rẹ kúrò nínú fóònù yẹn. Tá a bá jà nílé, mi ò fẹ́ kó o tún máa bá mi sọ̀rọ̀ nínú taxi."

"Ohùn ta ni kí n fi sí i, olólùfẹ́ mi?"

Alhaji Rùfáì wúkọ́, ó tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe bí ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ náà. Àlùfáà náà wúkọ́. Ìyá ti àwọn méjèèjì sẹ́yìn, ó bú sẹ́kún ayọ̀. Tesleem náà bú sẹ́kún. Àdúà bẹ̀rẹ̀, ó gùn, àmín ń lọ, àmín ń bọ̀, omijé ń ṣàn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é kíá," ni Afusat wí. "Mo ní ẹjọ́ ní kóòtù láàárọ̀ ọ̀la."