Iná Funfun Nínú Kùrukùru Ayédé

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ayédé ni mọ́tò ti gbá Mojísọ́lá, olùkọ́, ní ìdájí ọjọ́ kan tí kùrukùru bo gbogbo òkè. Ó ṣì ń mí, ṣùgbọ́n kò tíì lajú nílé ìwòsàn. Babájídé, ọmọ Ìkọ̀lé tó ti Èkó dé, ló gbé e débẹ̀. Òun náà ló sọ fún ọlọ́pàá pé takisí Adéoyè, arúgbó awakọ̀ kan, ló gbá a. Bí Mojísọ́lá bá kú pẹ́nrẹ́n, ẹ̀wọ̀n ni bàbá arúgbó náà ń lọ yẹn.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Àrìnkẹ́ lọ bá Adéoyè nínú àtìmọ́lé. Obìnrin yìí kì í pariwo. Ẹni tó bá rò pé ó ń tòògbé, ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ.

“Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ gbá a?”

“Mo kọjá níbẹ̀ lóòótọ́, ọmọ mi, jẹ́jẹ́ ni mo sì ń lọ. Uná pupa rúsúrúsú ló wà lójú mọ́tò mi, òun ló ń fi ẹ̀bá ọ̀nà hàn mí nínú kùrukùru. Mi ò gbá ẹnikẹ́ni. Àmọ́ òótọ́ dọ́jà, ó kùtà.”

Babájídé ní tirẹ̀ ń sọ̀rọ̀ wéréwéré. “Ẹ̀yìn mọ́tò Bàbá Adéoyè ni mo wà, mà, mo jìnnà díẹ̀. Mo rí wọn kedere, mo tilẹ̀ ka nọ́ńbà mọ́tò. Gílóòbù iná mọ́tò tí mo rà l'Ékòó funfun débi pé ó ń ṣe bíi búlúù. Bí ọ̀sán ló ń rí!”

Àrìnkẹ́ kò jà á níyàn. Ní àárọ̀ tí kùrukùru tún bolẹ̀, ó ní kí ọlọ́pàá kan gbé takisí náà síwájú lójú ọ̀nà Ayédé, òun sì jókòó ti Babájídé nínú mọ́tò rẹ̀.

“Tan iná rẹ. Ka nọ́ńbà mọ́tò tó wà níwájú wa yẹn fún mi.”

Iná funfun náà kọlu kùrukùru, ó sì padà sí wọn lójú, àfi bí ẹni ta aṣọ àlà síwájú wọn. Babájídé fojú wá a títí.

“Mọ́tò wo, mà?”

“Èyí tó wà níbi tí o ní o ti rí i. Iná yìí lè dára ní títì Èkó. Nínú kùrukùru wa, ojú awakọ̀ ló ń padà sí. Èyí tó pupa díẹ̀ bíi ti Bàbá ló ń jẹ́ kéèyàn ríran. O ò ka nọ́ńbà kankan. Nọ́ńbà Bàbá Adéoyè, ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Ìkọ̀lé? Ẹni tí kò rí odidi mọ́tò níwájú, báwo ni yóò ṣe rí ènìyàn? Ìwọ ni o kò rí Mojísọ́lá títí o fi gbá a.”

Ọmọkùnrin náà gbórí lé sítẹ́rìn, ó bú sẹ́kún. “Ẹ̀rù ló bà mí, mà.”

“Mo mọ̀. O gbé e lọ sílé ìwòsàn, màá sọ ìyẹn ní kóòtù. Àmọ́ o jẹ́ kí arúgbó sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ àtìmọ́lé nítorí rẹ.” Àánú ọmọkùnrin náà ṣe Àrìnkẹ́, kò sì fi pamọ́.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Babájídé dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Adéoyè. Gbogbo ènìyàn ń retí èébú. Bàbá náà fọwọ́ kàn án léjìká.

“Dìde. Mojísọ́lá ńkọ́, ṣé ó ti lajú?”

Babájídé kò mọ̀. Láti ọjọ́ tó ti gbé e sílẹ̀ nílé ìwòsàn, kò tíì padà lọ wò ó.