Òjò Lókè, Ilẹ̀ Nísàlẹ̀

Nígbà tí ọkùnrin kan wọlé, omi ń kán tótó lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tó fi sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì gbẹ. Ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ ìgbà tójò máa rọ̀ ni ò mú agbòjò?"

"Mo mú un, àǹtí. Ìjì ló gbà á lọ́wọ́ mi."

Ilé iṣẹ́ tó ń wọn òjò ló ti wá. Ó fẹ́ mọ gbogbo ọjọ́ tí ilẹ̀ ti mì láti ogún ọdún, kó lè fi wé ọjọ́ tí ìjì ńlá jà. Ó ní bí òjò ìjì bá gbá yẹ̀pẹ̀ orí òkè lọ, ẹrù tó tẹ àpáta mọ́lẹ̀ á fúyẹ́. Ó lè jẹ́ ìyẹn ló ń mú kí àpáta tó ti fẹ́ yẹ̀ tẹ́lẹ̀ tètè yẹ̀.

"Ó lè jẹ́," lọmọbìnrin náà wí. "Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú dáadáa o."

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi jọ jókòó ti tábìlì kan. Ọmọbìnrin náà ń pe ọkùnrin náà ní Ìjì. Ìyẹn ń pè é ní Àpáta Mi. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé bí Ìjì bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, ọkàn Àpáta kì í balẹ̀.

Bàbá ọmọbìnrin náà nìkan ló kù tí Ìjì ò tíì lọ kí. Bíríkìlà ni. Ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ló wó pa ìyàwó rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mì. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ní òun mọ ọjọ́ tí ilẹ̀ máa mì, ọ̀tá rẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ tí Ìjì fẹ́ wá kí i gan-an ni ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé Ìjì ní ilẹ̀ máa mì kí ọdún tó parí. Ìlú dà rú.

"'Ó lè jẹ́' ni mo sọ, olólùfẹ́ mi. Wọ́n gé e kúrò ni."

"Nígbà tí ọ̀gá rẹ wá ń yìn ọ́ nítorí ìròyìn náà, kí lo sọ?"

Ìjì sorí kodò. Àpáta kẹ̀yìn sí i. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi bá a sọ̀rọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, òun àti bàbá rẹ̀ gbọ́ ohùn Ìjì lórí rédíò.

"Ẹ̀yin ará, ẹ dárí jì mí. Ilẹ̀ mì lẹ́yìn ìjì kan. Lẹ́yìn òmíràn, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Bóyá wọ́n tan mọ́ra, a ò tíì mọ̀. Ọjọ́ tí ilẹ̀ máa mì, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní. Ìyìn ló pa mí lẹ́nu mọ́."

Bàbá gbé ife rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́. "Òun nìyẹn?"

"Òun ni, Bàbá."

"Pè é kó máa bọ̀."

Nígbà tí Ìjì dé, bàbá wò ó títí. "Lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú, gbogbo èèyàn ló wá ń mọ gbogbo nǹkan. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tí màá gbọ́ tó ní òun ò mọ̀. Ọmọ mi nìyí. Má purọ́ fún un láé." Ó dìde, ó fi pálọ̀ sílẹ̀ fún wọn.

"Ṣé wọ́n ti lé ẹ níbi iṣẹ́?" Àpáta béèrè.

"Láàárọ̀ àná, bí mo ṣe sọ fún ọ̀gá mi pé mo fẹ́ lọ sọ òótọ́ lórí rédíò."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Jẹ́ ká lọ forúkọ ìgbéyàwó wa sílẹ̀ lọ́la, nígbà tó ò kúkú níbi tí ò ń lọ."

Ìjì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì, àwọn méjèèjì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú.