Ọ̀rá Tí Wọ́n Tẹ́ Sábẹ́ Hephzibah

Gbogbo àdúgbò ní Baruwa ló mọ̀ pé ìyàwó ilé Ìyá Ọláfimíhàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ. Ìyá fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún wọn. Ó ti fọ aṣọ ìlédìí, ó ti sá wọn, ó sì ti ká wọn sínú báàgì. Ẹni tó bá kí i pé ẹ kú ìmúra, á jókòó tì í, á ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Ọ̀kan lára àwọn ìyá tó ń gbẹ̀bí ní ìjọ aláṣọ funfun wọn ni, ọmọ tó ti gbà lọ́wọ́ aboyún níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Síbẹ̀, Ọláfimíhàn ọmọ rẹ̀ àti Hephzibah ìyàwó rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà lápá Ìdímù làwọn máa bí i sí. Ìyá bi wọ́n bóyá ọwọ́ òun ló dọ̀tí. Ọláfimíhàn bẹ̀ ẹ́, ó ní kí wọ́n máa gbàdúrà lọ, àmọ́ ibi tí Hephzibah ti ń gba ìtọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún ni wọ́n ti mọ ara rẹ̀. Ìyá gbà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni Hephzibah bẹ̀rẹ̀ sí rọbí. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, Ìyá jókòó sórí bẹ́ńṣì níta, nítorí ohun tó mọ̀ ni pé wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹbí ni. Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì kan jáde. Olútóyìn ni orúkọ rẹ̀, òun ni olórí àwọn agbẹ̀bí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní àwọn ti rí i pé ara máa ń tu obìnrin tó ń rọbí bí ẹni tó fọkàn tán bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí náà àwọn ti bi Hephzibah pé ta ló fẹ́.

“Ẹ̀yin ló ní kí n pè, Mà,” ló wí.

Ibi tí gbogbo ìbínú Ìyá lọ nìyẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré wọlé. Ó ń fọwọ́ ra Hephzibah lẹ́yìn, ó ń fún un lómi mu, ó sì ń rọra kọ orin ìjọ sí i létí. Nígbà tí oòrùn mú gan-an, ọmọ dé, obìnrin ni, igbe tó ké sì fi hàn pé kò wá ṣeré. Wọ́n gbé e lé ìyá rẹ̀ láyà, wọ́n sì gún Hephzibah lábẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí ilé ọmọ súnkì.

Lẹ́yìn náà ni Fàdìlàt, nọ́ọ̀sì kejì, tẹ́ ọ̀rá kan tó mọ́ gaara sábẹ́ ìdí Hephzibah. Ẹnu ọ̀rá náà rọ̀ wálẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì bí àpò. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀, ìlà méjì tó ní àwọ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìyá béèrè pé kí ni ọ̀rá ń ṣe nídìí abiyamọ. Olútóyìn ní ẹ̀jẹ̀ tó bá ń jáde ló máa gbà, káwọn lè mọ bó ṣe pọ̀ tó: ìlà àkọ́kọ́ ń kìlọ̀, ìlà kejì ni ti ewu.

“Ṣé ojú mi ò wá lè mọ ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ ni?”

“Ojú tèmi náà ni mo gbẹ́kẹ̀ lé tẹ́lẹ̀, Mà. Nígbà tá a lọ kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n da omi pupa sórí aṣọ, wọ́n ní ká sọ bó ṣe pọ̀ tó. Ìdajì ni ọ̀pọ̀ nínú wa pè é. Aṣọ máa ń mu ẹ̀jẹ̀ ni, ó máa ń tan ojú jẹ.”

Ibi ọmọ ti bọ́, ara gbogbo wọn ti yá, Hephzibah ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń sun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò dà yàà, kò sì sí ohun tó ba Ìyá lẹ́rù níbẹ̀. Ká ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọ ni, aṣọ mìíràn ló máa fi rọ́pò èyí tó tutù.

Fàdìlàt bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ọ̀rá náà. Ó ní, “Sister, ó ti kọjá ìlà àkọ́kọ́, kò sì tíì dá.”

Olútóyìn di ọwọ́ Hephzibah mú, ó wò ó bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ó ń sáré. Kò dúró de ìlà kejì. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí fọwọ́ pa ilé ọmọ kó lè le. Fàdìlàt fa àpótí pupa kan kalẹ̀ lára ògiri, gbogbo ohun tí wọ́n nílò wà nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ilé ọmọ súnkì, oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, omi dírípù, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kò ní kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀kan máa ṣiṣẹ́. Wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibì kan ya. Wọ́n ní kí Ìyá má jẹ́ kí ó sùn, kó máa bá a sọ̀rọ̀.

Ìyá ń sọ̀rọ̀, àmọ́ Ọláídé àbúrò rẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Èkìtì ni Ọláídé ti bímọ, ẹ̀jẹ̀ ń rin aṣọ, wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sì ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ lásán ni, yóò dá. Ọláídé ní oorun ń kun òun. Kò jí mọ́.

“Màámi, ẹ̀ ń gbọ̀n,” Hephzibah wí fún un.

“Ayọ̀ ni,” Ìyá dáhùn, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ilé ọmọ le gbagidi. Ẹ̀jẹ̀ dá. Wọ́n wo ọ̀rá títí, kò lé sí i mọ́. Àfi bí Hephzibah ṣe béèrè bóyá ẹnì kan gbé ìrẹsì wá, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Ìyá sì ń fi etí aṣọ funfun rẹ̀ nu omijé.

Kò jẹ́ kí Olútóyìn sinmi mọ́. Ó fẹ́ mọ gbogbo rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà ní wọ́n ti ṣèwádìí ọ̀nà yìí ní Nàìjíríà àti láwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn, àwọn obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lọ́nà tó léwu sì dín kù gan-an. Àmọ́ ìwádìí nìkan kò gba ẹnikẹ́ni là. Nígbà tí ọ̀rá náà kọ́kọ́ dé, àwọn kan ní ó fi kún iṣẹ́, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà. Kọ́kọ́rọ́ oògùn kan wà lọ́wọ́ ẹnì kan, òmíràn wà ní yàrá kejì. Wọ́n bá jókòó, wọ́n fẹnu kò pé kí gbogbo oògùn wà nínú àpótí kan, kí wọ́n tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ gbogbo abiyamọ, kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n nìkan, kí wọ́n sì máa fi ara wọn dánra wò títí ọwọ́ wọn fi mọ́ ọn.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé Ìyá lọ sí ibùdókọ̀ Command lọ́jọ́ náà, àwọn tó jókòó tì í gbọ́ nípa ọ̀rá. Lọ́jọ́ Sunday, gbogbo ìjọ gbọ́. Ó tún ní kí alákòóso ìjọ ránṣẹ́ pe Olútóyìn. Nọ́ọ̀sì náà wá, ó da omi pupa sórí ìró, ó ní kí wọ́n sọ bó ṣe pọ̀ tó. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tó wá fi ọ̀rá wọn ìwọ̀n kan náà lójú gbogbo wọn, ariwo sọ nínú ìjọ.

Ibẹ̀ ni Ìyá ti dìde. “Ọwọ́ mi ò dọ̀tí,” ó ní, “ṣùgbọ́n ojú mi ò lè wọn ẹ̀jẹ̀. Láti òní lọ, èmi ni màá máa bá yín lọ sí ọsibítù. Àdúrà tí mò ń gbà níbí, màá máa gbà á níbẹ̀.”

Promise, aboyún kan tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ló kọ́kọ́ bá lọ. Kí àwọn nọ́ọ̀sì tó mú ọ̀rá náà jáde, Ìyá ti béèrè rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ lè pa ìyá ọmọ láàárín àkókò kúkúrú, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹ má sọ pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ lásán ni. Ẹ bímọ sí ibi tí agbẹ̀bí tó kẹ́kọ̀ọ́ àti oògùn wà. Bí abiyamọ bá ti délé, tí páàdì rẹ̀ ń rin gbingbin léraléra, tí òyì ń kọ́ ọ, tí òógùn tútù ń bò ó, tàbí tí ọkàn rẹ̀ ń sáré, ẹ má dúró wò ó. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ ti mọ ọkọ̀ tí ẹ máa wọ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ìwọ aboyún tó ń ka èyí, nígbà tó o bá tún lọ fún àyẹ̀wò, bi wọ́n ní ìbéèrè kan yìí, má sì jẹ́ kí ojú tì ọ́: “Nọ́ọ̀sì, tí mo bá bímọ tán, kí lẹ máa fi wọn ẹ̀jẹ̀ mi?”