Ẹ̀gbọ́n Tó Dúró Nídìí Àwọ̀n

"Jáde nílé mi! Jáde, ọ̀dàlẹ̀!"

Ohùn Alájà Bùsírátù ló ń lọ sókè báyìí nínú ilé wọn ládùúgbò Mabera, débi pé àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń rọra kọjá kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa. Fathiat, ìyàwó Kàmál ọmọ rẹ̀, ló ń lé. Ọmọbìnrin náà wà lórí ìkúnlẹ̀. Kàmál dúró sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n. Ọ̀ṣẹ́nì, ẹ̀gbọ́n Kàmál, jókòó ti tùwó, ó ń ṣe bí ẹni tó ń jẹun. Ẹ máa wo èyí tó jókòó yẹn dáadáa o!

Ìdíje tẹ́nìsì àwọn tó fi eré náà ṣiṣẹ́ ṣe ló ń lọ lọ́wọ́ ní Sókótó. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò yìí jọ ń gbá ti ọkùnrin méjì-méjì, wọ́n sì ti dé àṣekágbá. Bí Kàmál bá fẹ́ ju sáàfù, bọ́ọ̀lù tó ń bẹ̀rẹ̀ ayò, Ọ̀ṣẹ́nì á dúró nídìí àwọ̀n, á kó ọwọ́ òsì sẹ́yìn, á fi ìka sọ fún àbúrò rẹ̀ bóyá òun máa sáré lọ dí òdìkejì tàbí òun máa dúró. Àwọn tó wà níwájú kò lè rí ìka yẹn. Síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, gbogbo ìgbà tí Ọ̀ṣẹ́nì bá ti sáré, ibi tó ti kúrò gan-an ni bọ́ọ̀lù ń gbà. Wọ́n pàdánù sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta, kí ìjì eruku tó dé, tó sún eré di ọjọ́ kejì.

"Ẹ̀yìn Kàmál ló jókòó sí!" ni Alájà ń wí. "Ó ń wo ìka ọmọ mi, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ ṣe àmì fún Mùhyídéènì àlè rẹ̀ tó ń bá wọn díje!"

"Ooru ló mú mi, Màámi! Mùhyídéènì kì í ṣe àlè mi. Ará Ìlọrin bíi tèmi ni. Ó kí mi, mo kí i, mo fún un lómi mu. Ṣé kí n rí ọmọ ilé wa ní Sókótó kí n máa wò ó níran ni?"

"Ẹ gbọ́ o! Ó fún alátakò ọkọ rẹ̀ lómi! Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà!"

Fathiat yíjú sí Ọ̀ṣẹ́nì. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi dá sí i. Ẹ̀yin lẹ mọ eré yìí. Ṣé abẹ̀bẹ̀ lè ṣe irú ẹ̀?"

Ọ̀ṣẹ́nì gbé òkèlè sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá Mùhyídéènì pé, "Bí mo bá ti fọwọ́ kan fìlà mi, mo fẹ́ sáré nìyẹn." Kí ló dé? Olùkọ́ tẹ́nìsì kan láti Àbújá ló sọ pé bí wọ́n bá gba ife, Kàmál nìkan lòun máa mú lọ sókè òkun, òun á sì wá ẹlòmíràn tí wọ́n á jọ máa gbá a. Ọ̀ṣẹ́nì tó kọ́ Kàmál bí wọ́n ṣe ń di rákẹ́ẹ̀tì mú! Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí àwọn méjèèjì jọ pàdánù ju kí àbúrò rẹ̀ fi í sílẹ̀ lọ. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Òtítọ́ ti dé ètè rẹ̀. Àmọ́ ohun tó sọ ni: "Ta ló mọ̀? Ó lè rí bẹ́ẹ̀."

Ìkà èèyàn!

Kàmál lu àyà rẹ̀. "Wallahi, bí a bá pàdánù lọ́la, Fathiat, o ò ní sun ilé yìí!"

"Ọlọ́run ń wò wá," ni Fathiat dáhùn. Ó dìde, ó lọ di ẹrù rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, obìnrin yìí kan náà ló bu omi àlùwàlá sínú bútà, tó gbé e síwájú Ọ̀ṣẹ́nì, tó sì kúnlẹ̀ kí i bó ṣe máa ń ṣe. Ọ̀ṣẹ́nì kò lè wò ó lójú. Ó fọ ọwọ́ títí omi fi tán, ọkàn rẹ̀ kò mọ́.

Wọ́n fi Fathiat sílé. Alájà fúnra rẹ̀ lọ jókòó síbi tí ìyàwó náà jókòó sí lánàá. Ọ̀ṣẹ́nì ti pinnu pé òun ò ní ṣe é mọ́. Kò fọwọ́ kan fìlà rárá, wọ́n sì gba sẹ́ẹ̀tì kejì. Nígbà náà ló rí olùkọ́ Àbújá tó dìde, tó ń pàtẹ́wọ́ fún Kàmál nìkan. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra lọ sí fìlà. Bọ́ọ̀lù gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ó tún fọwọ́ kàn án, ó tún rí bẹ́ẹ̀.

Alájà kò mọ nǹkan kan nípa tẹ́nìsì, àmọ́ ó mọ ọmọ rẹ̀. Fìlà tí kò fẹ́ jábọ́, kí ló ń gbá mú? Fathiat kò sì sí níbí!

"Ẹ dá eré dúró!" ló ké. Adájọ́ ní kó dákẹ́. "Mi ò ní dákẹ́! Ọ̀ṣẹ́nì, kí lo ń fọwọ́ kan fìlà yẹn fún? Bó o bá ti fọwọ́ kàn án ni wọ́n ń gbá a gba ẹ̀yìn rẹ!"

Gbogbo pápá yíjú sí i. Mùhyídéènì sorí kọ́. Rákẹ́ẹ̀tì bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀ṣẹ́nì.

"Èmi ni!" Ó bú sẹ́kún. "Fathiat kò mọwọ́ mẹsẹ̀! Èmi ni mo tà wá!"

"Bọ̀ọ̀dá mi?" ni Kàmál wí, bí ọmọdé. "Ẹ̀yin?"

Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani! Àwọn adájọ́ lé ikọ̀ méjèèjì jáde, wọ́n sì ní Ọ̀ṣẹ́nì àti Mùhyídéènì kò gbọ́dọ̀ gbá ìdíje kankan mọ́.

Nílé, Alájà fẹ́ kúnlẹ̀ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀. Fathiat sáré gbá a mú. "Ẹ jọ̀ọ́, Màámi! Mo ti dárí jì yín."

Kàmál dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màá gbààwẹ̀ fi tú ìbúra mi. Dákun, má lọ."

"Ẹ má gbààwẹ̀ kankan," ni Fathiat wí. "Ẹ búra pé bí ẹ bá pàdánù, mi ò ní sunbí. Ẹ ti pàdánù. Mi ò sì lè máa bu oúnjẹ fún ẹni tó mọ òtítọ́ tó ní 'ó lè rí bẹ́ẹ̀.' Mo ń lọ sọ́dọ̀ Zulaihat ọ̀rẹ́ mi ní Gidan Igwai. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ìyàwó, ẹ bá mi gbé ẹrù."

Kàmál dìde, ó gbé ẹrù.

Ọ̀ṣẹ́nì sáré dí wọn lọ́nà, ó di aṣọ àbúrò rẹ̀ mú. "Kàmál, má lọ! Torí kó o má baà fi mí sílẹ̀ ni mo ṣe ṣe gbogbo rẹ̀!"

Kàmál kò bú u. Ó kàn rọra tú ìka rẹ̀ kúrò lára aṣọ. "Ó dàbọ̀, Bọ̀ọ̀dá mi."

Kẹ̀kẹ́ gbé tọkọtaya náà, ó yà lọ́nà ọjà. Ọ̀ṣẹ́nì dúró sẹ́nu ọ̀nà, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Màámi, wọ́n á padà wá, àbí?"

Alájà kò wojú rẹ̀. "Ìwọ lo lé wọn lọ," ló wí, ó sì wọlé.