Gáùn Mẹ́jọ Lórí Òkè Ọ̀kà

Zipporah fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ike ìfọṣọ mọ́ ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì lọ́ gáùn karùn-ún bí ẹni ń lọ́ ọrùn adìyẹ. Omi ṣàn jáde. Ó tún un lọ́, omi tún ń bọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti pọ́n, èjìká ń ro ó, mẹ́ta sì ṣì wà nínú omi. Lórí páànù, òjò oṣù Keje ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀.

"Òjò yìí ò tiẹ̀ láàánú rárá," ó kùn.

Àǹtí Bridget dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó gbá agbòjò mọ́ abẹ́ apá. Ẹ̀gbọ́n ìyá Zipporah ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lórí Òkè Ọ̀kà ni ọmọ náà sì ń gbé. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni obìnrin náà, kò sì sí ohun tó kórìíra bíi kí ènìyàn fi nǹkan ṣòfò.

"Òjò kọ́ ló ṣẹ̀ ọ́," ó ní. "Ọjọ́ wo ni wọ́n kó gáùn wọ̀nyí fún ọ?"

"Ọjọ́ Jímọ̀ ni, mà."

"Báwo ni ọjọ́ Sátidé ṣe rí?"

Zipporah tún gáùn ọwọ́ rẹ̀ lọ́.

"Èmi ni mò ń bi ọ́!"

"Oòrùn ràn, mà."

"Ó ràn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́! Ibùsùn tí mo gbé síta gbẹ táútáú. Ìwọ ńkọ́? O nà gbalaja sórí àga, o ń fi ìka ti ojú fóònù sókè, o ń fà á wálẹ̀. Lónìí Ọjọ́rú, tí kùrukùru ti gba gbogbo òkè, ni ojú rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá là."

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Gáùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jẹ́ ti ẹgbẹ́ akọrin ilé-ìwé wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, wọn yóò lọ sí ìdíje orin ní Ìkàrẹ́. Àwọn tó ṣètò ìdíje náà ti kọ ọ́ sínú ìwé gbangba pé ilé-ìwé tí aṣọ rẹ̀ kò bá funfun, tí kò sì bá ara mu, kò ní gun orí pèpéle. Ọ̀gbẹ́ni Abọ́dẹrìn tó ń kọ́ wọn lórin bèèrè ẹni tó lè tọ́jú gáùn, Zipporah tó ń lé orin fún wọn ló sì náwọ́ sókè kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Àǹtí Bridget ń lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ. Kó tó jáde, ó na ìka sókè bí ẹni tó dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé.

"Gbọ́ mi dáadáa. Ká gáùn kọ̀ọ̀kan sínú aṣọ ìnura gbígbẹ, kí o gorí rẹ̀, kí o fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí aṣọ ìnura yóò fi fa omi rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi hángà kọ́ ọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí apá rẹ lè gba àárín èkíní àti èkejì kọjá. Bí òjò bá dá, ṣí ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn. Bí kùrukùru bá ń bọ̀, tètè tì wọ́n. Ní wákàtí-wákàtí, kí o yí wọn padà. Kò ná ọ ní nǹkan kan àfi sùúrù."

"Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, mà?"

"Ẹni mélòó ló fẹ́ kọrin?"

Ó ṣí agbòjò, ó bọ́ sínú òjò.

Zipporah fún mẹ́ta tó kù nínú omi, ó ká gáùn kìn-ín-ní, ó gun orí rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ṣe èkejì. Nígbà tó fi kọ́ ẹ̀kẹta tán, aṣọ ìnura ti tutù rinrin, iṣẹ́ náà sì ti sú u. Ibẹ̀ ni Nafisah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn akọrin, bá a. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wọn.

"Háà! Ijó wo lò ń jó lórí aṣọ?"

"Má fi mí ṣẹ̀fẹ̀ o. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún."

"Nítorí aṣọ tútù?" Nafisah na ìka sí ilé ìdáná. "Àjà kọ́ nìyẹn?"

Igi tí wọ́n tò sókè ààrò ni àjà náà. Ibẹ̀ ni Àǹtí Bridget ń kó irúgbìn àgbàdo sí, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ibẹ̀ náà ni ẹja àti ẹran ìgbẹ́ ń gbẹ sí nínú ọ̀pọ̀ ilé lórí òkè náà.

"Aṣọ kì í gun àjà," Zipporah ní.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Àgbàdo ń gbẹ níbẹ̀, ẹja ń gbẹ níbẹ̀. Ṣé gáùn wá lágídí ju ẹja lọ ni? Dáná sí i, ṣápù-ṣápù, ó parí."

Ọkàn Zipporah sọ fún un pé kò dára. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń dùn ún, márùn-ún sì kù. Ó kó agbọ̀n àgbàdo sọ̀ kalẹ̀, ó to gáùn márààrún sórí ara wọn lórí àjà, ó ki igi sínú ààrò, ó ṣáná. Òjò ti pa igi náà. Ó kọ́kọ́ kọ̀, kò jó, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, wọ́n lọ jókòó ní pálọ̀, wọ́n ń wo fídíò àwọn oníjó lórí fóònù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Òórùn ló kọ́kọ́ pè wọ́n. Nígbà tí Zipporah ṣí ilẹ̀kùn, èéfín tú lù ú lójú. Ó fi ìkánjú na ọwọ́ sókè, ó fa gáùn òkè pátápátá wálẹ̀. Apá kan rẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú bí awọ ẹja gbígbẹ. Omi ṣì ń ro tótó lára apá kejì.

Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni Àǹtí Bridget wọlé. Kò kígbe. Ó wo àjà, ó wo gáùn, ó wo àwọn méjèèjì.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ń pè mí," Nafisah ní, ó ti ń fẹ̀yìn rìn.

"Ìyá rẹ tó lọ sí Ìfíra láàárọ̀ yìí? Ohùn rẹ̀ mà lọ jìnnà o! Máa lọ." Ó yíjú sí Zipporah. "Ẹja ńlá márùn-ún! Ṣé kí n lọ ata sílẹ̀? Zipporah, mo sọ fún ọ tàbí n kò sọ?"

"Ẹ sọ, mà."

"Ọṣẹ ṣòfò, omi ṣòfò, igi ṣòfò! Àti ọjọ́ odidi kan! Ọ̀nà tí o gbà láti sáré ló dá ọ dúró yìí."

Ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, Zipporah tún kúnlẹ̀ ti ike ìfọṣọ. Ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọṣẹ bó ìdọ̀tí èéfín títí ìka rẹ̀ fi hun jọ. Aago mẹ́sàn-án ni wọn yóò ṣe ìgbáradì ìkẹyìn ní ilé-ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Abọ́dẹrìn sì ti kìlọ̀ pé ẹni tí kò bá wá síbẹ̀ kò ní lé orin.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n gbé ìkòkò èédú sínú yàrá, kí n ti fèrèsé, kí n kọ́ wọn yí i ká. Bí mo bá fi máa dé láti ilé-ìwé..."

"Kí èéfín èédú lè pa wá pọ̀ mọ́ aṣọ? A kì í jó èédú nínú yàrá tí a tì pa. Èmi náà ń lọ sí iṣẹ́. Bí o bá fẹ́ lọ kọrin, lọ. Ṣùgbọ́n wo òkè yìí dáadáa. Bí kùrukùru bá wọlé tí kò sí ẹni tí yóò ti ilẹ̀kùn, ohun tí ẹ ó wọ̀ lọ́la ni kí o ti máa rò."

Zipporah wo gáùn márùn-ún inú ike. Ó pe Nafisah láti orí ògiri, ó ní kó bá òun sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Abọ́dẹrìn pé òun kò lè wá. Ó jókòó sórí pẹpẹ ẹ̀yìnkùlé fún ìgbà díẹ̀, ó nu ojú, ó dìde.

Ó tẹ márààrún nínú aṣọ ìnura. Nígbà tí aṣọ ìnura kún fún omi, ó fi ìró gbígbẹ méjì rọ́pò rẹ̀. Ó ta okùn láti igun dé igun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọ́ gáùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi apá wọn àárín wọn. Òjò dá, ó ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì gbayawu. Atẹ́gùn òkè gba inú ilé kọjá, gáùn bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Kò pẹ́, kùrukùru ń gun òkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó sáré tì wọ́n. Ó tún ṣí. Ó tún tì. Ó yí iwájú sẹ́yìn, ó yí inú síta. Ó rí i pé etí ìsàlẹ̀ ni omi ń sọ̀ kalẹ̀ jọ sí, nítorí náà etí nìkan ló ń fún, kò tún da gbogbo aṣọ láàmú mọ́. Ó sú u, ó rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀.

Ní ọ̀sán, Nafisah yọjú. Kò lè wo ojú Zipporah.

"Ọ̀gá ní... ó ní kí èmi máa lé orin náà."

Zipporah di hángà mú gírígírí. "Ìwọ! Ìwọ tí o ní kí n gbé e sórí àjà!"

"Èmi ni mo sọ ọ́. Ṣé èmi ni mo ṣáná sí i?"

Ọ̀rọ̀ náà ta á bí agbọ́n, nítorí pé kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

"Ẹsẹ kejì," ó sọ níkẹyìn. "O máa ń yára jù níbẹ̀. Fà á díẹ̀. Wá, bá mi di etí ibí yìí mú."

Nígbà tí Àǹtí Bridget dé, gáùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti gbẹ fúyẹ́, àfi abẹ́ apá àti ọrùn ti márùn-ún. Ó fi èédú díẹ̀ sínú áyọ́ọ̀nù níta gbangba, ó gbé e fún Zipporah.

"Ibi tó tutù nìkan o. Ohun tí atẹ́gùn ti ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, má ná èédú lé e lórí."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Zipporah ti parí iṣẹ́ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Àǹtí Bridget fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn gáùn kọ̀ọ̀kan bí Zipporah ti ń ká wọn sínú báàgì. Ó dúró lórí èyí tó kẹ́yìn. Àmì pupa rúsúrúsú kan wà létí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ọsàn kò lè bó.

"Èyí ńkọ́?"

"Èmi ni n óò wọ̀ ọ́, mà. Ọ̀gá ti gbà kí n dúró ní ìlà ẹ̀yìn. Ẹlòmíràn yóò bò mí lẹ́sẹ̀."

Àǹtí Bridget ká gáùn náà fúnra rẹ̀, ó fi í sínú báàgì.

"Ó dára. Rántí pé iṣẹ́ tí ènìyàn bá ń wá ọ̀nà àbùjá fún, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò ṣe é, èkejì ní í sì máa ń gba ohun tó dùn mọ́ni lọ́wọ́ ẹni."

"Mo ti rí i, mà."

Ọkọ̀ Ìkàrẹ́ fun fèrè ní ìsàlẹ̀. Zipporah fa síìpù báàgì pa, ó gbé e rù, ó kí àǹtí rẹ̀ pé ó dàbọ̀, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ.