Ẹni Tó Ń Kírun Nídìí Bàtà

Ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n Kallel ṣì là sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá òkú rẹ̀. Ọ̀pá dígí kan ló bú gbàmù nínú ìléru, àfọ́kù rẹ̀ sì gún un lọ́rùn. Ilé ìwádìí kan ní ìlú Sfax ni, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ lẹ́búlẹ́bú irin tí yóò máa sọ ooru di iná mànàmáná.

Ẹ̀mí èèyàn mà lọ lásán o! Emna, akẹ́kọ̀ọ́ tó rọ lẹ́búlẹ́bú náà sínú ọ̀pá lọ́jọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, tó sì dí ẹnu ọ̀pá pa, ni wọ́n ti dè lọ́wọ́. Ọ̀sán yìí ni wọ́n á gbé e lọ sẹ́wọ̀n.

Naziha, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, kọ́kọ́ pe Lotfi, igbákejì olóògbé.

"Ṣé ọwọ́ yín kan ọ̀pá yẹn?"

"Èmi kẹ̀? Ó ti tó oṣù kan tí mo ti fọwọ́ kan nǹkan ibẹ̀ gbẹ̀yìn. Ọmọ yẹn ni. Kò bìkítà." Ó fi ìnujú bo ẹnu. "Ẹ má bínú, mo jẹ aáyù ni."

"Ta ni kì í jẹ aáyù ní Sfax?"

Ó kan Bàbá Mongi, tó ń tọ́jú ìléru.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n jà."

"Ojoojúmọ́ là ń jà, ọ̀rẹ́ mi ni! Ẹ lọ bi Lotfi, lèmọ́mù wa. Òun tó máa ń ṣíwájú wa kírun, ọjọ́ kẹta rèé tó ń dá kírun nídìí bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, kí òórùn ẹnu rẹ̀ má baà da èèyàn láàmú. Aáyù ọjọ́ mẹ́ta! Ṣé odindi oko ló jẹ ni?"

Naziha ò rẹ́rìn-ín. Ó pe ìyàwó Lotfi lórí fóònù.

"Aáyù? Láéláé! Tó bá kan ẹnu rẹ̀, ara rẹ̀ á lé. Kò wọ ilé wa rí."

Naziha pa fóònù. Ó lọ bá Emna, ó rí ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ lápò rẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi ń wọ ìbọ̀wọ́?"

"Àǹtí, bí lẹ́búlẹ́bú yẹn bá kan ọwọ́ lásán, ẹnu èèyàn á máa rùn bí aáyù fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ọṣẹ ò ràn án."

"Mí sí mi." Ẹnu ọmọ náà ò rùn rárá.

Naziha ní kí wọ́n tú u, ó sì pe gbogbo wọn jọ.

"Lotfi, ìwọ ni. O gé ẹnu ọ̀pá, o bu omi díẹ̀ sí i, o tún dí i pa. Ooru sọ omi di èéfín tí kò ríbi gbà jáde, ọ̀pá bú. Ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú dà sí ọ lọ́wọ́."

Lotfi sọ ìnujú sílẹ̀. Ó nawọ́ sí Emna.

"Kì í ṣe Ọ̀jọ̀gbọ́n ni mo dẹ ẹ́ fún. Ìwọ ni! Ìwọ lo rí i pé irọ́ ni àwọn ìṣirò tí mo fi gba ipò. Ìwọ ló yẹ kó jókòó ti ìléru lánàá."

Emna wó lulẹ̀.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ojú mi ti pọ́n jù," ló ń wí ṣáá. "Ó ní kí n lọ sùn, òun á bá mi ṣọ́ ọ."