Ìfẹ́ Láàrin Ìsàmì àti Ìtẹ̀bọmi

Orí ni Tíṣà kọ́kọ́ rí. Orí obìnrin kan tó wé aṣọ búlúù, tó ń yọ bọ̀ láti inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sẹ́yìn yàrá ìkówèésí ìjọ Kátólíìkì. Ẹrẹ̀ bo iwájú orí rẹ̀, ó fi eyín di sípánà mú, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú olè.

Ìwé ńlá mẹ́rin tó ń kán omi wà lọ́wọ́ Tíṣà. Ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama, àmọ́ ní gbogbo Sátidé, òun ló ń tọ́jú àwọn ìwé àtijọ́ ìjọ náà.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ rán omi sí wa?" ó bi í.

Obìnrin náà yọ sípánà lẹ́nu. "Páìpù ló rán an. Èmi ni wọ́n ní kó wá mú un. Púlọ́ńbà ni mí."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ wá?"

"Ìjọ Onítẹ̀bọmi tó wà lódì kejì ògiri yín. Ibi tí a ti ń tẹ èèyàn bọmi ló ń jò. Bàbá mi ni Pásítọ̀ ibẹ̀." Ó wo ọwọ́ Tíṣà. "Ìwé kí nìyẹn?"

"Orúkọ gbogbo ọmọ tí wọ́n ti sàmì fún níbí láti ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn."

"Á jẹ́ pé omi tiwa ti tẹ gbogbo wọn bọmi nìyẹn."

Tíṣà ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Púlọ́ńbà ní ilé àwọn ló jẹ̀bi, torí náà òun á bá a sá ìwé. Sátidé mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n tẹ́ àwọn ìwé náà sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń ki bébà funfun sáàárín ojú ewé kọ̀ọ̀kan, bó bá sì ti mu omi yó, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ sùúrù ni, iṣẹ́ sùúrù kì í sì í fẹ́ ẹnu tó pa mọ́.

"Ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ pín ìjọ?" Púlọ́ńbà bi í lọ́jọ́ kan.

"Èwo nínú pípín ọ̀hún? Kí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún tó pé lẹ́yìn Jésù ni ọ̀pọ̀ ará Íjíbítì àti Síríà ti yà lọ, lórí bí Jésù ṣe jẹ́ Ọlọ́run tó tún jẹ́ ènìyàn. Nígbà tó lé lẹ́gbẹ̀rún ọdún, Róòmù àti Kọnsitantinópù, olú ìjọ ìlà oòrùn, kọ ara wọn sílẹ̀, lórí àṣẹ Póòpù àti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́."

"Ọ̀rọ̀ kan?"

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo."

"Á jẹ́ pé ká máa ṣọ́ ẹnu wa," ni Púlọ́ńbà wí, ó sì ṣí ojú ewé mìíràn.

"Wa" yẹn ò kúrò létí Tíṣà títí tó fi délé.

Ní Sátidé kẹrin, ó sọ ìtàn mọ́ńkì ará Jámánì tó kọ̀wé tako títa ìdáríjì, àti ti ọba Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ gbé ìyàwó mìíràn, tó wá já ìjọ ilẹ̀ rẹ̀ kúrò lábẹ́ Póòpù. Ó wá kan àwọn kan ní Súwísì tí wọ́n ní ìsàmì ọmọ ọwọ́ ò tó, àfi kí àgbà fúnra rẹ̀ gbàgbọ́ kó tó wọ omi.

"Wọn kì í ṣe bàbá ńlá ìjọ yín gan-an," ni Tíṣà wí, "ṣùgbọ́n lórí omi, ohun kan náà lẹ gbà gbọ́. Àwọn aláṣẹ mú ọ̀kan nínú wọn, wọ́n dì í tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n jù ú sódò. Ẹni tó ní omi lòun fẹ́, wọ́n fún un lómi."

Ọwọ́ Púlọ́ńbà dúró lórí ìwé. "Tó bá ní òun ò gbà gbọ́ mọ́, ṣé wọn ì bá dá a sílẹ̀?"

"Ó ṣeé ṣe. Kò sọ bẹ́ẹ̀."

Púlọ́ńbà pààrọ̀ bébà kan tó ti mu omi yó. Lẹ́yìn náà ló rọra wí pé, "O mọ ìtàn sọ."

"Ẹ" ló máa ń fi bá a sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Tíṣà gbọ́ "o" yẹn dáadáa, kò sì ṣe bí ẹni pé òun gbọ́.

Nígbà tí ìwé ìkẹyìn gbẹ, ó pa á dé. "Kò sóhun tó kù láti sá mọ́."

"Mo rí i."

"Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ìwé lá á máa mú ẹ wá. Ìyàwó ni mo fẹ́ kó o jẹ́ fún mi."

Púlọ́ńbà nu ọwọ́ rẹ̀. "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń fọwọ́ fa iṣẹ́ yìí, kí ìwé yẹn má baà tètè gbẹ. Ìwọ ni mò ń dúró dè, ìwọ sì ń pìtàn Róòmù."

Inú àwọn méjèèjì dùn títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí.

"Kó wá ṣe ìtẹ̀bọmi," ni Pásítọ̀ wí. "Omi tí wọ́n ta sí i lórí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ ò tó bọ́jú."

Aránṣọ ni ìyá Tíṣà, òun ló ń rán aṣọ àwọn Fadá. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ̀ẹ̀kan là ń sàmì. Àwa gba ìtẹ̀bọmi tiwọn, àwọn ló ń wo tiwa bí eré ọmọdé. Ọmọ tí mo bí ò ní wọ omi kejì."

Lẹ́yìn oṣù méjì, Tíṣà lọ bá Púlọ́ńbà níbi tó ti ń so ẹ̀rọ omi mọ́ ilé tuntun kan. Tíṣà ti rù díẹ̀.

"Mo ti rò ó. Màá wọ omi náà. Ìṣẹ́jú kan ni, á sì tán."

"Ṣé o gbà pé èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ ò tó?"

"Rárá. Ó tó."

"Tí bàbá mi bá wá bi ẹ́ níwájú ìjọ, kí lo máa sọ?"

Tíṣà mú sípánà nílẹ̀, ó nà án sí i.

"Má wọ̀ ọ́, ọkàn mi," ni Púlọ́ńbà wí. "Irọ́ lo máa pa fún bàbá mi, orí irọ́ yẹn la sì máa kọ́lé lé. Ẹni tí wọ́n jù sódò yẹn ò purọ́. Àwa náà ò ní í purọ́."

"Kí la máa wá ṣe?"

"A máa lọ béèrè. Tí wọ́n bá kọ̀, a máa tún lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù, lẹ́yìn ìsìn, àwọn méjèèjì á kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Pásítọ̀, wọ́n á ti ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Aránṣọ. Lóṣù kìíní, Pásítọ̀ ò ní kí wọ́n jókòó. Lóṣù kẹta, ó ní kí wọ́n jókòó, ó sì kọ̀. Ní ti Aránṣọ, bó bá ti rí wọn ni yóò máa wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kíkankíkan, débi pé ńṣe ni Tíṣà ń pariwo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ bí ẹni tó ń polówó ọjà.

"Ṣé kò tíì sú yín ni?" ìyá náà bi wọ́n lóṣù karùn-ún.

"Kò tíì sú wa, Màmá," ni Púlọ́ńbà dáhùn. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Lóṣù kẹsàn-án, Pásítọ̀ yọ awò ojú rẹ̀, ó tẹjú mọ́ Tíṣà. "Mo ti rí ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta tó wọ omi nítorí ìyàwó. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, a ò fojú kàn wọ́n mọ́. Kí ló dé tí ìwọ ò ṣe bíi tiwọn?"

"Mo fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, sà."

"Kí ló wá dá ẹ dúró?"

"Èmi ni, Bàámi," ni Púlọ́ńbà wí. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá sí níbẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́."

Ọgbọ̀n ọdún ni Pásítọ̀ ti ń wàásù ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tó yá, ó nawọ́ mú fìlà rẹ̀. "Ẹ mú mi lọ sílé ìyá yín."

Nígbà tí Aránṣọ rí Pásítọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rọ dákẹ́ fúnra rẹ̀.

"Mi ò wá gba ọmọ yín," ni Pásítọ̀ wí. "Mi ò gbà pé ìsàmì yín tó, irọ́ ni tí mo bá ní mo gbà. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ọmọ mi ṣe ìjẹ láti fi fa ẹnikẹ́ni wọ omi. Ẹ jẹ́ kí Fadá yín so wọ́n pọ̀. Kí n ṣáà gbàdúrà fún wọn níbẹ̀."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?" ni Aránṣọ bi Púlọ́ńbà.

"A máa kọ́ wọn ní tilé méjèèjì, Màmá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ìsàmì máa já sí, a ò tíì mọ̀, mi ò sì ní tàn yín pé mo mọ̀."

"Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn."

"Òun náà la ní, Màmá."

Ìyá náà wò ó látòkèdélẹ̀. Ó yọ tépù lọ́rùn. "Dìde, kí n wọn apá ẹ. Mi ò fẹ́ kí aránṣọ kan lọ ba aṣọ ìyàwó ọmọ mi jẹ́."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àwọn àgbà ìjọ méjì lọ́dọ̀ Pásítọ̀ ò yọjú, àǹtí Tíṣà kan sì jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó fajú ro. Fadá ló so wọ́n pọ̀, Pásítọ̀ ló gbàdúrà, àdúrà rẹ̀ sì gùn. Nígbà tí Fadá yíjú sí Tíṣà pé ṣé ó gbà láti fẹ́ obìnrin yìí, Tíṣà ti ní òun gbà kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu Fadá.

"Farabalẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ sọ sí i létí. "Jẹ́ kí wọ́n bi ẹ́ tán."

"Oṣù mẹ́sàn-án ni mo ti ń dáhùn," ni Tíṣà wí.